Ọmọbìnrin Tó Dábùú Ọ̀nà Àwọn Awakùsà

Inú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pariwo ni wọ́n ti tọ́ Malsun dàgbà. Kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ rorò. Iṣẹ́ ló fà á. Pyo Jongdeuk, bàbá rẹ̀, ń wa èédú nínú ihò tó wà lókè odò, ọ̀sẹ̀ kan láàárọ̀, ọ̀sẹ̀ kan lọ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ kan lóru. Lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ òru bá kàn án, ojú ọ̀sán gan-gan ló ń sùn, ilé á sì pa lọ́lọ́. Malsun mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ìrẹsì láìjẹ́ kí abọ́ kan abọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ kí wọ́n tó fà á, kó má baà dún. Bí ikọ́ bá fẹ́ gbé e, ìta ló ń sáré gbà. Gbogbo ọmọ ìlà ilé wa ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, torí ilé tí ilé-iṣẹ́ èédú kọ́ ni gbogbo wa ń gbé, ilé gbọọrọ kan tí wọ́n fi ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gé sí yàrá yàrá. Bí ẹnì kan bá sín nínú yàrá tirẹ̀, ará ẹ̀gbẹ́ kejì á kí i pẹ̀lẹ́.

Nínú irú ilé yìí ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti dìde lọ́jọ́ kan tó ní jìtá oníná ni òun fẹ́ kọ́.

"Kí lo pè é?" ìyá rẹ̀ bi í. Ó ń fi iyọ̀ ra ewé tó fẹ́ fi ṣe kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan tí a fi ń jẹ ìrẹsì, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Jìtá, Màmá. Èyí tó ń lo iná."

"Ẹ̀n-ẹ́n. O fẹ́ máa ṣeré fún ọ̀mùtí nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń ránṣọ ní Seoul, ojú ń fọ́ wọn nídìí abẹ́rẹ́, ìwọ ń wá ilé ọtí tí wọn yóò ti máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Ta ló máa wá fẹ́ ẹ? Àbí ọ̀mùtí náà ni?"

"Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa kan ń ṣe é, wọn kì í..."

"Malsun, gbé ata yẹn fún mi, kó o sì panu mọ́. Bàbá rẹ ń sùn."

Ìyá Malsun kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ihò yìí kan náà ló pa bàbá tirẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, láàárọ̀ ọjọ́ náà ló sì ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà bí bàbá náà ṣe ń jáde lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé orin ló pa á. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀, kò sì kọrin mọ́. Nínú ihò, ẹnikẹ́ni kì í súfèé, torí òpó igi tí wọ́n fi gbé àjà ihò dúró máa ń ké kó tó dá, ẹni tó bá ń súfèé kò ní gbọ́ ọ. Ìyẹn mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n Ìyá Malsun ti fa òfin náà jáde látinú ihò wọnú ilé ìdáná rẹ̀. Gbogbo èèwọ̀ àwọn awakùsà ló ń pa mọ́, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un. Aṣọ búlúù nìkan ló fi ń di oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Kì í bu ìrẹsì sínú abọ́ oúnjẹ náà lẹ́ẹ̀mẹrin, torí ẹ̀ẹ̀mẹrin ń pe ikú. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti wọ bàtà iṣẹ́ jáde, á yí bàtà ilé rẹ̀ kí imú rẹ̀ kọjú sínú yàrá, kí ẹni tó ni ín lè padà wá wọ̀ ọ́.

Òfin kan tún wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, obìnrin kan kò sì sí lágbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n. Bí àwọn ọkùnrin bá ń gòkè lọ síbi iṣẹ́, obìnrin kì í dábùú ọ̀nà wọn. Ìyá arúgbó ni o, ọmọ ìkókó ni o, inú ilé ni kó wà títí wọn yóò fi kọjá. Bí obìnrin bá dábùú awakùsà, awakùsà náà á padà sílé lọ sùn lọ́jọ́ náà, fómànù, ọ̀gá iṣẹ́ wọn, pàápàá kò ní bá a wí.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ jìtá wọ Malsun lórí ni Bae Deokpal, tó ń gbé yàrá ìparí ìlà ilé wa. Awakùsà ni òun náà tẹ́lẹ̀. Eruku èédú ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n ti dá a dúró, bó bá rìn dé ẹnu ẹ̀rọ omi, á fọwọ́ ti ògiri kó lè mí. Nígbà èwe rẹ̀, ó ta jìtá nínú gbọ̀ngàn ijó kan ní ìlú. Lójú ìrọ̀lẹ́ tí àyà rẹ̀ bá fún un láyè, á so jìtá náà mọ́ àpótí gbohùngbohùn, á ta á díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Malsun gbọ́ ọ, ó dúró sójú kan pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́. Ọmọ tó ti ń gbé ikọ́ mì láti kékeré, ó gbọ́ ohùn kan tí kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà Deokpal, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí èémí bá wọ́n ọkùnrin náà, á gbé jìtá lé Malsun nítan kó bá òun dì í mú, Malsun á sì wá ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ kiri lórí okùn títí yóò fi rí i.

"Ọwọ́ rẹ dáa," Deokpal sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ́ ẹ."

"Kí ni mo ṣe, Bàbá Deokpal?"

"Kò sóhun tó o ṣe. Bàbá rẹ àti èmi jọ wọnú ihò rí. Mi ò lè máa kọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí olè. Jẹ́ kó mú ìgò ọtí kan wá, kó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún mi, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, 'Kọ́ ọmọ mi.' Ọjọ́ yẹn la máa bẹ̀rẹ̀."

Malsun wá dúró de ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran ọlọ́ràá ni àwọn awakùsà fi ń fọ eruku ọ̀fun, bí wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ ni inú wọn máa ń rọ̀. Ó jókòó síwájú bàbá rẹ̀ gan-an, ó rojọ́ tán.

Jongdeuk ń wo ẹnu ọmọ náà bó ti ń sọ̀rọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Jìtá? Nínú ilé yìí? Nígbà wo ni kí èmi wá máa sùn?"

"Ọ̀rọ̀ oorun nìkan ni, Bàbá? Kò sí òmíì?"

"Òmíì wo? Ìyá rẹ ló ní òmíì. Èmi, kí n sáà ti sùn."

Malsun kó ọ̀rọ̀ yẹn sínú, torí ó ti mọ ohun tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀ nípa jìtá oníná. Bí wọn kò bá so ó mọ́ iná, kò ní ikùn tó lè dún. Ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹ̀fọn lọ. Nínú gbogbo ohun èlò orin tó wà láyé, òun nìkan ló bá ilé awakùsà mu.

Nígbà tí iṣẹ́ òru tún kan bàbá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ lọ tò síwájú ilé ìtajà ilé-iṣẹ́, Malsun lọ bẹ Deokpal, ó yá jìtá náà. Ó wọ yàrá tí bàbá rẹ̀ sùn sí, ó jókòó síbi orí rẹ̀, ó sì ta á. Orin kékeré kan ni, èyí tó ti fi ojú jí kọ́. Bàbá rẹ̀ kò mira. Ó tún un ta. Nígbà tó yá, ó ti gbàgbé pé ẹnì kan ń sùn, ó ń ta á bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Orí orin náà ló ṣì wà nígbà tí Jongdeuk yíjú tó sì lajú.

"Kí nìyẹn?"

"Jìtá ni, Bàbá. Láti ìgbà tí Màmá ti jáde ni mo ti ń ta á sí yín létí."

"Irọ́ ni."

"Mo búra. Ẹ ò jí. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Kò ní dí oorun yín lọ́wọ́ láéláé."

Jongdeuk dìde jókòó, ó yọ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, Malsun sì ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, ni wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Malsun lọ ṣí i. Seokbong ni, aládùúgbò wọn tí ògiri kan ṣoṣo là wọ́n láàárín. Òun àti bàbá Malsun ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: Jongdeuk ni aṣáájú tó ń gbẹ́ èédú tó sì ń gbé òpó dúró, Seokbong ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń kó o. Oorun ọ̀sán ni òun náà ń sùn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Malsun, àbúrò mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kí lò ń ta bí ẹ̀fọn látàárọ̀? Mo fi ìrọ̀rí bo orí, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ní orin náà dùn, mo ní kó lọ máa jó o níta."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo jìtá tó wà nílẹ̀, ó wo ìrọ̀rí Jongdeuk tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá wo ojú Jongdeuk. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Bóyá àlá ni mo lá," ó wí, ó sì fẹ̀yìn rìn jáde.

Malsun kọ́kọ́ rò pé ìtìjú ló ń ṣe òun, ìgbà tó yá ló mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri gbọ́. Ẹni tó wà nídìí okùn kò gbọ́.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Ẹ̀rọ tí a fi ń lu àpáta ni," Jongdeuk wí. "Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé etí mi lọ. Bí èèyàn bá kọjú sí mi, mò ń gbọ́ ọ, mò ń wo ẹnu rẹ̀."

"Igi ńkọ́? Igi ò lẹ́nu, Bàbá."

"Mò ń fọwọ́ kàn án. Seokbong sì létí." Ó na ìka sí i. "Ìyá rẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Fómànù ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí a bá gba owó oṣù, lọ́jọ́ ìsinmi, màá ra ìgò ọtí, màá lọ bá Deokpal, màá bù ú fún un, màá sì sọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà, kí ohun tó o rí lónìí kú sínú rẹ."

Bí Malsun ṣe rí ohun tó ń wá gbà nìyẹn. Ẹ má rò pé kò yọ̀. Ó yọ̀. Ó fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ ṣe jìtá nínú ilé ìdáná, ó ń fi ìka wá ohùn lórí rẹ̀, ó ń ka ọjọ́ ìsinmi bí ẹni ń ka ọjọ́ ọdún. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ jìtá mọ́, ó ní òun ti gba kámú. Ó pa irọ́ náà láìsẹ́jú.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí ó fi pàdé Gyeonga, ìyàwó Seokbong, lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Oyún rẹ̀ ti ga, ó ń fọwọ́ ti ìbàdí.

"Malsun, olórin wa. Ọkọ mi ló ń ṣe bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù lọ́jọ́ yẹn, má dá a lóhùn. Máa ta á, ọmọ inú mi fẹ́ràn rẹ̀, ṣe ló ń tàpá."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí."

"Bá mi kí bàbá rẹ. Ní tòótọ́. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni mo ti ń sùn dáadáa. Seokbong ní bí bàbá rẹ bá wà níbẹ̀, òun kì í bẹ̀rù, pé igi kan ò lè ké kó má gbọ́ ọ."

Malsun gbé omi rẹ̀ délé, kò sì lè jẹun. Seokbong mọ̀. Ó ti rí ìrọ̀rí yẹn, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Seokbong tó máa la ẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé etí rẹ̀ ti di? Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ó ń tẹ̀lé Jongdeuk wọnú òkùnkùn lójoojúmọ́, ó ń fi ọ̀wọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Malsun bínú sí i, ó sì bínú sí ara rẹ̀ jù ú lọ, torí Seokbong kò gba jìtá lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń pọ́n àáké lẹ́yìnkùlé, ó lọ dúró síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún fómànù. Wọ́n á wá iṣẹ́ mìíràn fún yín lókè ilẹ̀."

"Iṣẹ́ wo? Kí n lọ jókòó ti àwọn opó?"

Iṣẹ́ ṣíṣa òkúta kúrò nínú èédú ló ń sọ. Obìnrin ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ aya àwọn tí ihò ti pa. Bí ọkọ bá kú, ilé-iṣẹ́ á fún ìyàwó ní àyè nídìí bẹ́líìtì tó ń gbé èédú kọjá.

"Jíjókòó ti opó sàn ju kí ẹ sọ Màmá di opó lọ."

"Malsun!" Ó ju àáké sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, èyí tó burú ju igbe lọ. "Ọjọ́ ìsinmi di ọ̀túnla. Àbí o ò fẹ́ jìtá mọ́?"

Malsun fẹ́ ẹ. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn kí ìsinmi tó dé, Jongdeuk jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń so okùn bàtà iṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ìyá Malsun fọwọ́ gbá ìdérí ìkòkò irin, ó já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó dún gbàràgàdà. Àwọn ọmọ yàrá kejì bú sẹ́kún. Jongdeuk ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ.

"Ẹ wo ọkàn akin," ìyá Malsun wí, ó ń fọwọ́ gbá àyà. "Èmi ni mo fẹ́ kú."

Malsun wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Kò dúró wọ ẹ̀wù òtútù. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sáré gba ọ̀nà ẹ̀bá odò tí eruku èédú ti sọ di dúdú, ó dé ibi tí ọ̀nà ti yà lọ sí ihò kí àwọn ọkùnrin tó dé ibẹ̀. Nígbà tó rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú akoto lórí àti oúnjẹ nínú aṣọ búlúù àti pupa, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Ó rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì dúró sí àárín.

Gbogbo wọn dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ Pyo ni! Orí rẹ̀ ti yí!"

"Ọmọ burúkú, o fẹ́ pa wá tán ni?" Ọ̀kan tutọ́ sílẹ̀, òmíràn ti ń yí padà sílé. Fómànù ń jágbe pé kí wọ́n gbá a kúrò lọ́nà. Jongdeuk jáde láàárín wọn, ojú rẹ̀ dúdú. "Lọ sílé," ó wí. "Lọ sílé báyìí."

"Bàbá mi ò gbọ́ igi mọ́," Malsun wí. Ó sọ ọ́ sókè. "Etí wọn ti di. Ẹ bi Bùọ̀dá Seokbong."

"Iṣẹ́ ọmọdé ni," Seokbong wí wéréwéré. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Bùọ̀dá Seokbong, ẹ bọ́ sẹ́yìn wọn kí ẹ pè wọ́n. Bí wọ́n bá dáhùn, kí gbogbo yín lù mí."

Fómànù fi àgbọ̀n júwe fún Seokbong. Seokbong bọ́ sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń tì. "Ẹ̀gbọ́n," ó pè é. Jongdeuk ń wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n!" Ohùn rẹ̀ ti ń já. Jongdeuk rí i pé ojú gbogbo èèyàn wà lára òun, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wá ronú láti wẹ̀yìn, Seokbong ti ń sunkún.

Ẹnikẹ́ni kò wọ ihò lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Malsun gbá a létí lẹ́nu ọ̀nà, lójú gbogbo ìlà ilé, nítorí ọ̀nà tó dábùú. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ tó doríkodò, ó sì pe orúkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, orúkọ àbísọ tí Malsun kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí kò dáhùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tún gbá Malsun mọ́, kò sì bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ ìsinmi dé, ó kọjá. Jongdeuk kò ra ìgò ọtí kankan.

Wọ́n gbé e lọ sídìí bẹ́líìtì. Òun nìkan ni ọkùnrin láàárín àwọn obìnrin tó fi aṣọ di orí àti imú, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú èédú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ wọn. Àwọn ọmọkùnrin ìlà ilé wa ń pè é ní Ìyá Pyo, wọ́n sì ń pè é lẹ́yìn rẹ̀ tààrà, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní gbọ́. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, kò bá Malsun sọ̀rọ̀. Bí ọmọ náà bá la ẹnu, á yí ojú kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò sóhun tí Malsun lè ṣe sí ìyẹn. Deokpal rí i lọ́nà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá rẹ ò ní wá mọ́, àbí?" Malsun ní rárá. Ọkùnrin náà mí sókè, ó mí sílẹ̀, ó ní, "Mi ò lè yẹ ọ̀rọ̀ mi, ọmọ mi." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Seokbong ni wọ́n sọ di aṣáájú dípò Jongdeuk. Gyeonga bí ọkùnrin. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán tí omi ń jò sínú àpáta, àjà ihò já lé Seokbong lórí. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ sọ pé igi ké, Seokbong gbọ́ ọ, ó ti òun síwájú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì ráyè fún ara rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ibi tí Jongdeuk ìbá wà. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ń wo Malsun bí ọlọgbọ́n, àwọn kan ń wò ó bí àjẹ́.

Kí ìgbà ooru tó dé, wọ́n ti fún Gyeonga ní àyè nídìí bẹ́líìtì, ẹ̀gbẹ́ Jongdeuk gan-an. Malsun pàdé rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó kí i. Gyeonga ń wo korobá rẹ̀ títí ó fi kún.

"O kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń dábùú ọ̀nà," ó wí. "Kí ló dé tí o ò dábùú ti Seokbong?"

Kò pariwo. Ó gbé omi rẹ̀, ó lọ. Malsun dúró síbẹ̀, omi ń ṣàn dànù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi inú Malsun sílẹ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ìgbà ooru náà ni Jongdeuk ti ìdí bẹ́líìtì dé, tó wẹ̀, tó sì mú ìgò ọtí soju kan lábẹ́ apá. Kò sọ ibi tó ń lọ. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà ilé fi mọ̀, torí adití kì í mọ bí ohùn òun ti ga tó.

"MU ÚN! ỌWỌ́ MI NI MO FI BÙ Ú! MO NÍ KÍ O KỌ́ ỌMỌ MI!"

Ìyá Malsun ń fọ abọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. "Ó ti lọ bá Deokpal," ó wí, bí ẹni ń bá abọ́ sọ̀rọ̀. Malsun ti rò pé bí ọjọ́ yìí bá dé, òun á fò sókè. Ara rẹ̀ wúwo bí ẹni tó ru ìrẹsì.

Deokpal fúnra rẹ̀ ló gbé jìtá náà wá, ó ń dúró mí lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Kò gbé àpótí gbohùngbohùn wá. Ó fi ojú júwe ògiri tó wà láàárín wọn àti Gyeonga. "Ilé ọ̀fọ̀ ni," ó wí. "Bí ẹ̀fọn ni kó o ṣe ta á." Ó jókòó, wọ́n fún un lómi.

Jongdeuk jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó wá síbi ìpàdé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà òtútù, ó ń wo Malsun lójú. Lẹ́yìn ògiri, ọmọ Seokbong ń ké.

Malsun ta orin kékeré yẹn. Orin kan náà ló mọ̀. Ó ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rọra ta á, kò ṣi ohùn kan. Nígbà tó fi dé àárín rẹ̀, ọmọ tó wà lẹ́yìn ògiri ti dákẹ́, wọ́n sì gbọ́ tí ẹnì kan fara ti ògiri náà lọ́hùn-ún, tí aṣọ ń ha á bó ti ń jókòó sílẹ̀. Ìyá Malsun fi etí aṣọ bo ẹnu. Orin tán. Malsun ká ọwọ́ rẹ̀ jọ lórí okùn.

Jongdeuk wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ tí omi kún, ó sì tún padà wo ọmọ rẹ̀. Ó mi orí sí i láti kì í láyà, bí ẹni tó rò pé okùn ló ṣì ń tún ṣe.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀," ó wí. "Ìwọ la ń dúró dè."

Malsun tún orin náà bẹ̀rẹ̀.